Àwòrán Láìsí Ìrántí? Ẹ̀rọ, Àgbà àti Ère Ẹni Tí Kò Sí Mọ́

Ní ọdún 1978, Stephen Sprague, ayafọ́tò kan láti Amẹ́ríkà, gbé àpilẹ̀kọ kan jáde nínú African Arts lórí bí àwọn Yorùbá ṣe ń fi fọ́tò wo ara wọn. Ìlú Ìlá Ọ̀ràngún wà lára ibi tó ti ṣe ìwádìí náà. Nínú ohun tó rí níbẹ̀, iṣẹ́ kan wà tí àwọn onífọ́tò ń ṣe fún ìyá ìbejì. Bí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà bá kú kí wọ́n tó ya fọ́tò wọn pọ̀, èyí tó kù nìkan ni wọn yóò gbé wá síwájú kámẹ́rà. Onífọ́tò yóò yà á lẹ́ẹ̀kan, yóò sì tẹ fíìmù kan náà lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan, Táyéwò àti Kẹ́hìndé yóò wá jókòó pa pọ̀ bí ẹni pé ikú kò wọlé rí. Bí ó bá jẹ́ takọ-tabo ni ìbejì náà, wọn yóò wọ aṣọ ọkùnrin fún ọmọ tó kù, wọn yóò yà á, wọn yóò tún wọ aṣọ obìnrin fún un, wọn yóò sì tún un yà.

Kò sí ẹni tí fọ́tò yìí tàn jẹ nínú ilé. Ìyá mọ̀, bàbá mọ̀, ará àdúgbò mọ̀ pé ọmọ kan ṣoṣo ló jókòó. Síbẹ̀, wọ́n gbà á ní àwòrán ọmọ méjì, wọ́n sì lò ó níbi tí wọn ìbá ti lo ère ìbejì. Ère ìbejì fúnra rẹ̀ kò jọ ọmọ tó kú. Ọmọ ọwọ́ ló lọ, ṣùgbọ́n ara géńdé tàbí ti adélébọ̀ ni agbẹ́gilére máa ń fún ère náà. Ohun tó so igi mọ́ ọmọ ni ilà ojú ìdílé, orúkọ, oríkì ẹ̀jìrẹ́, omi tí wọ́n fi ń wẹ̀ ẹ́, osùn tí wọ́n fi ń pa á lára, oúnjẹ tí wọ́n ń gbé síwájú rẹ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ọwọ́ ìyá yóò máa nu ojú ère náà títí imú àti ẹnu rẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Bí ojú yẹn ṣe ń parẹ́ tó kò dín jíjẹ́ ọmọ rẹ̀ kù. Bóyá ńṣe ló tilẹ̀ ń fi kún un.

Ẹ̀rọ tí àwọn òyìnbó gbé dé pẹ̀lú ìlérí pé kò sí ojú tí òun kò lè mú bí ó ṣe rí ni àwọn onífọ́tò Ìlá fi ṣe àwòrán ẹni tí kò sí níwájú rẹ̀. Wọn kò kọ ẹ̀rọ náà, wọn kò sì sìn ín. Nísinsìnyí, ẹ̀rọ mìíràn ti dé tí kò béèrè pé kí ẹnikẹ́ni jókòó níwájú òun rárá. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni yóò gbà, yóò sì da ojú ènìyàn padà, pẹ̀lú ìhunjọ àti ewú lórí rẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ ọnà tó ti Nàìjíríà wá ti ń lo ọgbọ́n àtọwọ́dá yìí, èyí tó gbàfiyèsí jù nínú ohun tí wọ́n ń fi ṣe sì ni iṣẹ́ kan náà tí onífọ́tò Ìlá ṣe: àwòrán ẹni tí kò sí. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni bóyá àwòrán bẹ́ẹ̀ lè gbé ohun tí fọ́tò ìbejì gbé.

Ohùn orí ọ̀rọ̀ kan

Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Lawal, nínú àpilẹ̀kọ tó tẹ̀ jáde nínú The Art Bulletin ní ọdún 2001, túmọ̀ àwòrán sí à-wò-rántí, ohun tí a ń wò kí a lè rántí. Onímọ̀ ẹ̀dá-èdè lè jiyàn lórí ìtúpalẹ̀ yìí. Ó rọrùn láti fi ìpajẹ so ọ̀rọ̀ kan mọ́ èyíkéyìí tó bá wu ènìyàn, ìtumọ̀ tó sì dùn létí kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ìtàn ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí èrò lórí iṣẹ́ tí àwòrán ń ṣe láàárín Yorùbá, ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ère ìbejì jẹ́rìí sí i. Àkó Ọ̀wọ̀ náà jẹ́rìí sí i: ère tó tóbi tó ènìyàn, tí wọ́n ń ṣe fún olóògbé tó jẹ́ ẹni ńlá, tó dàgbà kú, tó sì fi ọmọ sílẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Rowland Abíọ́dún, tó ti ń kọ̀wé lórí àkó láti ọdún 1976, pe ọgbọ́n ìjọra tó wà nídìí rẹ̀ ní àyàjọra. Wọn yóò fi aṣọ olóògbé wọ̀ ọ́, yóò jókòó fún gbogbo ìlú láti wò, wọn yóò sì gbé e káàkiri. Níbẹ̀, ìjọra ṣe pàtàkì, nítorí pé ẹni kan pàtó ni wọ́n ń dá lọ́lá, àwọn ọmọ rẹ̀ ló sì ń náwó lé e lórí.

Ohùn ló ya àwòrán sọ́tọ̀ sí awòran, ẹni tó ń wo ìran. Bí a bá ṣi ohùn pè, ohun tí a ń wò á di ẹni tó ń wò. Ìyàtọ̀ yìí wúlò fún lámèyítọ́ ju bí ó ṣe dà bí eré lọ. Àwòrán ń wá ẹni tí yóò rántí, ìran sì ń wá ẹni tí yóò dúró wò. Iṣẹ́ kan lè jẹ́ méjèèjì, bí egúngún ṣe jẹ́ ìran fún ẹni tó ń kọjá lọ, tó sì jẹ́ ará ọ̀run fún ọmọ ilé. Ṣùgbọ́n èyíkéyìí tó bá jẹ́ ìran nìkan, ó yẹ kí a lè sọ bẹ́ẹ̀.

Àwọn àgbà Afegbua

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, Malik Afegbua, olùdarí fíìmù tó ń gbé ní Èkó, gbé ọ̀wọ́ àwòrán kan sórí Instagram. Àwọn àgbà ọkùnrin àti obìnrin ni wọ́n, tí wọ́n ń rìn lórí pèpéle àfihàn aṣọ bí àwọn ọ̀dọ́ tí ilé iṣẹ́ aláṣọ ń sanwó fún: irun funfun, aṣọ olówó iyebíye, ìlẹ̀kẹ̀ ràgàjì, ojú tí kò tẹ́ríba fún ẹnikẹ́ni. Midjourney ló fi ṣe wọ́n. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó délé ayé rí. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwòrán náà ti yí ayé ká. Afegbua ṣàlàyé fún àwọn oníròyìn pé àìsàn tó ṣe ìyá òun wà lára ohun tó bí iṣẹ́ náà, àti pé ó ń dun òun bí àwùjọ ṣe ń pa àwọn àgbà tì.

Ẹ̀dùn ọkàn yìí kì í ṣe ohun tí lámèyítọ́ lè fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ilé iṣẹ́ oge jẹ́ ibi tí àgbà kì í dé, ẹni tó bá sì fi arúgbó síbẹ̀, tó jẹ́ kí ayé dúró wò ó, ti ṣe ohun kan. Àwọ̀ àwọn aṣọ náà dùn ún wò. Ìdúró àwọn àgbà náà kún fún iyì. Ẹni tó bá wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan yóò fẹ́ wò wọ́n lẹ́ẹ̀kejì.

Ní ìwòye kejì yẹn ni ìṣòro ti ń bẹ̀rẹ̀. Robert Farris Thompson, nígbà tó lọ ń béèrè lọ́wọ́ àwọn Yorùbá bí wọ́n ṣe ń díwọ̀n ère tó dára, kó àwọn ìlànà kan jọ nínú iṣẹ́ tó tẹ̀ jáde ní ọdún 1973. Lára wọn ni jíjọra, ìjọra tó mọ níwọ̀n, àti ọ̀dọ́, pé kí ère fi ènìyàn hàn nígbà tí agbára rẹ̀ pé. Nítorí ìlànà kejì yìí ni ère babańlá fi máa ń ní ọrùn tó le àti àyà tó kún. Ó dà bí ẹni pé Afegbua ti dojú rẹ̀ délẹ̀, tó gbé àgbà síbi tí ọ̀dọ́ máa ń wà. Ẹ jẹ́ kí a tún wo àwọn àgbà rẹ̀ dáadáa. Ẹ̀yìn wọn tọ́. Apá wọn kò gbọ̀n. Kò sí ọ̀pá, kò sí ẹsẹ̀ tó wú, kò sí ojú tí ẹ̀bà rẹ̀ ti di funfun. Ara ọ̀dọ́ ni ẹ̀rọ náà gbé irun funfun lé lórí. Ìlànà àtijọ́ ló ṣì ń ṣàkóso, ewú nìkan ló jẹ́ tuntun. Iṣẹ́ tí a ní kó gbèjà arúgbó wá ń sọ pé arúgbó yẹ ní wíwò bí kò bá rí bí arúgbó.

Ibi tí ẹ̀rọ ti kọ́ irú ara bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti fojú inú rí. Irú ẹ̀rọ yìí máa ń kẹ́kọ̀ọ́ lórí àìmọye àwòrán tí ọ̀rọ̀ bá rìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. A óò da ariwo bo àwòrán títí kò fi ní hàn mọ́, ẹ̀rọ yóò sì kọ́ bí a ṣe ń tu ariwo náà kúrò díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí atọ́nà. Nígbà tó bá mọ̀ ọ́n tán, a lè fún un ní ariwo lásán àti ọ̀rọ̀, yóò sì tú àwòrán jáde láti inú ohun tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nínú àwọn àkójọ tí wọ́n ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn nígbà tí wọ́n jáde, LAION-5B tó jáde ní ọdún 2022 ní àwòrán bílíọ̀nù 5.85 pẹ̀lú ọ̀rọ̀ wọn. Bílíọ̀nù 2.3 nínú wọn jẹ́ ti èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan, nígbà tí àwọn èdè tó lé ní 100 pín bíi iye kan náà láàárín ara wọn. Ohun tí ẹ̀rọ tó bá jẹ nínú irú agbada bẹ́ẹ̀ yóò mọ̀ nípa àgbà ni ohun tí àwọn tó ń kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ àwòrán lórí íntánẹ́ẹ̀tì mọ̀: ẹni tí irun rẹ̀ funfun. Pé àgbà jẹ́ ipò, pé ó jẹ́ iṣẹ́, pé ènìyàn lè dàgbà kó má di àgbà, kò sí lábẹ́ àwòrán kankan. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Lórí pèpéle Afegbua, kò sí ọjà, kò sí ọmọ tuntun, kò sì sí ohun tí ọwọ́ àgbà lè tún ṣe.

Bí a bá fi àkó wé e, ohun tó sọnù á túbọ̀ hàn. Àkó ní orúkọ. Bí ère náà bá jókòó níta, oríkì ẹnì kan ni wọn yóò máa kì. Abíọ́dún, nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní ọdún 2014, lọ jìnnà débi tó fi sọ pé iṣẹ́ ọnà Yorùbá fúnra rẹ̀ jẹ́ oríkì, pé ẹni tí kò gbọ́ èdè kò lè rí ère dáadáa. Kò pọn dandan kí a gba gbogbo àríyànjiyàn yẹn kí a tó mọ̀ pé kò sí oríkì tí a lè ki fún àwọn àgbà Midjourney. Wọn kò ní orílẹ̀. Bí akéwì bá dúró níwájú wọn, aṣọ nìkan ni yóò rí yìn. Èyí tó sì gbàrònú jù ni pé ìyá tó fa iṣẹ́ yìí kò sí nínú rẹ̀. Ọmọ ń ṣọ̀fọ̀ ìlera ìyá rẹ̀, ó lọ sídìí ẹ̀rọ, ẹ̀rọ sì fún un ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ àgbà tí kì í ṣe ìyá ẹnikẹ́ni. Ìran ni wọ́n, ìran tó gún régé. Wọn kò tíì di àwòrán.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan dáhùn pé ère ìbejì náà kò jọ ọmọ, nítorí náà kí ló dé tí a fi ń béèrè ẹni pàtó lọ́wọ́ Afegbua? Ìdáhùn wà nínú Ìlá. Ère kò nílò ìjọra nítorí pé ohun mìíràn ti so ó mọ́lẹ̀: ìyá kan, ọmọ kan, àgbò omi kan. Fọ́tò ìbejì kò nílò ọmọ kejì nítorí pé gbogbo ilé ti mọ ẹni tó yẹ kó jókòó níbẹ̀. Àìjọra kì í ṣe àléébù níbi tí àjọṣe bá wà. Àwọn àgbà Afegbua ní ìjọra láìní àjọṣe, wọ́n jọ ènìyàn débi tí ẹlòmíràn á fi búra pé òun ti rí ọ̀kan nínú wọn rí, wọn kò sì bá ẹnikẹ́ni tan.

Ọdún mẹ́tàdínlógún

Minne Atairu, ọmọ Nàìjíríà tó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, gba ọ̀nà tó le ju èyí lọ. Ìlú Ẹdó ni iṣẹ́ rẹ̀ tí ó pè ní Igùn dá lé, ìlú tí ìtàn ìjọba rẹ̀ so mọ́ ti Ilé-Ifẹ̀ gbágbáágbá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí Ifẹ̀ ń sọ nípa ìsopọ̀ yẹn àti ohun tí Ẹdó ń sọ kì í fìgbà gbogbo bára mu. Ní oṣù Èrèlé ọdún 1897, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ Ẹdó, wọ́n jó ààfin, wọ́n sì kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún iṣẹ́ ọnà lọ. Èyí tó lé ní 900 wà ní British Museum títí di òní. Wọ́n lé Ọba Ovọ́nramwẹ̀n lọ sí Kàlàbá, ibẹ̀ ló sì kú sí ní ọdún 1914. Ọdún yẹn gan-an ni ọmọ rẹ̀, Ẹwẹ́ká Kejì, gorí ìtẹ́, tí àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ ààfin sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Láàárín 1897 sí 1914, ọdún mẹ́tàdínlógún, àkọsílẹ̀ dákẹ́ nípa ohun tí àwọn alágbẹ̀dẹ idẹ ní àdúgbò Igùn ń ṣe fún ọba, nítorí pé kò sí ọba lórí ìtẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yìí ni Atairu gbé ẹ̀rọ tì. Ó kó àwòrán àwọn iṣẹ́ ọnà Ẹdó jọ, ó fi kọ́ StyleGAN, ó sì ní kó ṣe ère tí a kò rí irú rẹ̀ rí, bí ẹni pé ọdún wọ̀nyẹn kò ṣófo. Iṣẹ́ náà gba ẹ̀bùn fún àwọn ìlú gúúsù àgbáyé nínú ìdíje Lumen Prize ti ọdún 2021.

StyleGAN yàtọ̀ sí Midjourney ní ti bó ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀ka méjì ló ń figagbága nínú rẹ̀. Ọ̀kan ń ṣe àwòrán, èkejì ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ojúlówó ni tàbí ayédèrú. Nígbàkígbà tí ọwọ́ bá tẹ ayédèrú, ẹ̀ka àkọ́kọ́ yóò tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, títí èkejì kò fi ní lè mọ ìyàtọ̀ mọ́. Ó wuni láti fi èyí wé ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àfiwé náà kò dúró. Nígbà tí Làmídì Fákẹ́yẹ ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ George Bándélé ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, ọmọ agbẹ́gilére láti Ìlá Ọ̀ràngún ni, ó ti mọ igi àti ọ̀bẹ kó tó dé ibẹ̀, Bándélé náà sì jẹ́ ọmọ Aréògún. Ìran ẹ̀dá wà láàárín wọn, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀gá lè sọ pé imú yìí ti tóbi jù, kó sì sọ ìdí. Adájọ́ inú StyleGAN kò mọ imú, kò mọ ìdí. Ìwọ̀n kan ló ń fúnni, bóyá ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ìdájọ́ tó ní ọ̀rọ̀ nínú lè tọ́jú, kó rántí pé ní ọdún 1988, àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, John Pemberton ṣì gba oríkì agbẹ́gilére yẹn sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú ewì náà, pẹ̀lú ibi tí ó ti ṣe wọ́n.

Ohun tó ti inú Igùn jáde kì í ṣe ẹ̀dà. Orí tó dà bí orí ọba ń yọ́ wọ inú ara rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ń di awọ, ojú kan ga ju èkejì lọ. Ìgbà mìíràn wà tí ènìyàn kò ní mọ̀ bóyá idẹ ló ń wò tàbí ìda tí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. Bí a bá fi ojú ìmọ̀ ẹ̀rọ wò ó, àṣìṣe ni wọ́n, nítorí pé àwòrán tí a fi kọ́ ẹ̀rọ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó ń jẹ. Bí a bá fi ojú ọnà wò ó, àṣìṣe yẹn ni òtítọ́ iṣẹ́ náà.

Àtakò kan wà tó le ju ti àléébù àwòrán lọ. Gbogbo ohun tí ẹ̀rọ náà mọ̀ ni ohun tí wọ́n kó lọ, tí mùsíọ́ọ̀mù yà ní fọ́tò lórí aṣọ funfun tàbí eérú, láìsí pẹpẹ, láìsí ẹ̀jẹ̀ ẹran, láìsí eyín erin tó máa ń dúró lórí orí idẹ. Ìkógun ni olùkọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo iṣẹ́ tó wà nínú àkójọ ìkógun yẹn ti wà kí 1897 tó pé. Nítorí náà, bí a bá ní kí ẹ̀rọ sọ ohun tí 1905 ìbá ṣe, kò lè sọ ju ohun tí 1896 ti ṣe lọ, tí a pò mọ́ ara rẹ̀. Kò lè ṣe ère tó mọ̀ pé ààfin ti jóná. Kò lè fi ọba tó wà ní Kàlàbá sọ́kàn. Bí àwọn alágbẹ̀dẹ Igùn bá gbé ìda lọ́wọ́ ní ọdún wọ̀nyẹn, ọwọ́ tó ti rí iná ni wọ́n ìbá fi mọ ọ́n, a kò sì lè fi àwòrán tó ṣáájú iná kọ́ ẹ̀rọ ní irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ọ̀nà Atairu fẹ́rẹ̀ẹ́ bò mọ́lẹ̀. Bí ẹgbẹ́ Igùn bá lè padà sẹ́nu iṣẹ́ ní 1914, a jẹ́ pé ìmọ̀ kò kú fún ọdún mẹ́tàdínlógún. Ó wà lára ẹnìkan. Bàbá ń fi han ọmọ, tàbí ó ń sọ ọ́ fún un ní ẹ̀yìnkùlé, tàbí ó kàn ń rántí. Ibi tí àkọsílẹ̀ rí òfìfo, ènìyàn ló wà níbẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ dákẹ́. Ẹ̀rọ kò lè rí ọwọ́ tó dákẹ́, nítorí pé ọwọ́ tó dákẹ́ kì í fi dátà sílẹ̀. Èyí kò sọ iṣẹ́ Atairu di asán. Ó jọ pé ó mọ̀ ọ́n: orúkọ tó fún iṣẹ́ náà ni ti àdúgbò àwọn alágbẹ̀dẹ, kò sọ ọ́ ní orúkọ ẹ̀rọ tàbí ti ààfin. Yàtọ̀ sí Afegbua, ó fún àìsí ní déètì àti àdírẹ́sì. Ẹni tó bá wo Igùn mọ ohun tó yẹ kí òun rántí, bí àwòrán tó wà níwájú rẹ̀ kò bá tilẹ̀ lè ràn án lọ́wọ́. À-wò-rántí ni, tí ìwò rẹ̀ ń tiro.

Amọ̀

Ó dára kí a gbé iṣẹ́ kan tí kò lo irú ẹ̀rọ yìí sí ẹ̀gbẹ́ Igùn. Ní ọdún 2024, nínú àfihàn Nàìjíríà níbi ìpàtẹ ọnà Venice, èyí tí Aindrea Emelife ṣètò, Yinka Shonibare gbé Monument to the Restitution of the Mind and Soul kalẹ̀. Ère amọ̀ tó lé ní 150 ló ṣe, tí wọ́n jẹ́ àwòkọ àwọn iṣẹ́ Ẹdó tí wọ́n kó lọ ní 1897. Ère orí Harry Rawson, ọ̀gágun ojú omi tó darí ìkógun náà, sì wà nínú àpótí gíláàsì, bí wọ́n ṣe máa ń ti ère àwọn ẹlòmíràn mọ́ inú àpótí ní mùsíọ́ọ̀mù.

Àwòkọ ni Shonibare ṣe, ohun tí ẹ̀rọ lè tètè ṣe, tó sì lè ṣe dáadáa ju ọwọ́ lọ bí a bá ń wá ìjọra. Ó yàn láti fi amọ̀ ṣe é. Idẹ olówó iyebíye ti di ohun tó lè fọ́ bí ìkòkò. Iye wọn pẹ̀lú ń sọ̀rọ̀: ẹni tó bá ń kà wọ́n yóò sú kó tó kà wọ́n tán, bẹ́ẹ̀ 150 kò tíì tó ìdá kan nínú ìdá mẹ́fà ohun tó wà ní British Museum nìkan. Igùn fẹ́ mọ ohun tí à bá ti ṣe. Shonibare ń ka ohun tí a ti ṣe, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń ka òkú lẹ́yìn ogun. Ní ti agbára láti mú ènìyàn dúró, kíkà yẹn borí. Ṣùgbọ́n ní ti ewu, Atairu ló gbójúgbóyà jù, nítorí pé ó wọ ibi tí kò sí ohun tí ó lè wò kọ.

Olalekan Jeyifous, tí wọ́n bí ní Ìbàdàn, tó sì ń ṣiṣẹ́ ní Brooklyn, wà ní ìkángun kejì. ACE/AAP rẹ̀, tó fi gba ẹ̀bùn Kìnnìún Fàdákà níbi ìpàtẹ iṣẹ́ ilé kíkọ́ Venice ní ọdún 2023, ro Áfíríkà kan tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ọ̀nà ìrìnnà tí kò ba àyíká jẹ́ láti ìgbà òmìnira wá. Gbọ̀ngàn tí èrò ti ń dúró de ọkọ̀ ló gbé kalẹ̀. Ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí ni gbogbo rẹ̀, síbẹ̀ àga wà níbẹ̀ tí ènìyàn lè fojú inú jókòó lé. Ọnà rẹ̀ dùn, àwàdà sì wà nínú rẹ̀, ohun tí àwọn méjì àkọ́kọ́ ṣaláìní. Ọ̀rọ̀ olóògbé kò kàn án, nítorí náà kò sí ìdí láti fi ìbéèrè Ìlá dá a dúró pẹ́.

Ibi tí ìbéèrè yẹn ti ń jóni lára jù kò sí ní Venice. Àwọn ìdílé Yorùbá ti ń gbé fọ́tò bàbá àgbà tó ti ṣá fún àwọn tó ń fi ọgbọ́n àtọwọ́dá tún fọ́tò ṣe, pàápàá bí ìsìnkú tàbí ìrántí ikú bá ń bọ̀ lọ́nà. Àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ti kọ́ pé ìlà tó gba ojú kọjá nínú fọ́tò àtijọ́ jẹ́ ibi tí bébà ti ṣẹ́, tàbí ibi tí wọ́n ti fi èékánná họ ọ́. Kò sí ẹni tó sọ fún wọn nípa pélé tàbí àbàjà. Bí ọmọ tó wà nídìí kọ̀ǹpútà kò bá mọ ojú bàbá náà nígbà ayé rẹ̀, kò ní mọ̀ pé ohun kan ti kúrò níbẹ̀. Yóò tẹ ojú tuntun náà jáde, ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì á máa dán, ìdílé yóò fi gíláàsì bò ó, wọn yóò sì gbé e kọ́ sí pálọ̀ lókè tẹlifíṣọ̀n.